Káàdì Mi ní Àjàṣẹ́



Ní oṣù kìíní ọdún 2016, mo gbéra láti Lotto, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mo gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Káàdì báńkì nìkan ni mo gbójú lé.

Mo ti káàdì bọ inú ẹ̀rọ ATM. Èdè Faransé ni ó fi dá mi lóhùn. Èmi ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè ń wò ó ṣùn-ùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú, pàbó ni ó já sí. Dọ́là ti ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ báńkì wa sì ti fi òpin sí lílo káàdì náírà ní òkè òkun. N kò gbọ́.

Bí mo ti ń dá sọ̀rọ̀, ìyá kan tí ń ta aṣọ nítòsí fi Yorùbá Ànàgó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló dé?" Ó yá mi ní 20,000 séfà, kò tilẹ̀ béèrè orúkọ mi. Kí oṣù tó parí, mo padà lọ san án.

Ní 2025, àwọn báńkì kan tún ṣí ọ̀nà náà. Síbẹ̀, n kì í kúrò ní Lotto láìmú owó dání mọ́. Káàdì wúlò, ṣùgbọ́n ènìyàn laṣọ mi.

Ó dìgbà kan ná.