Kànga Kan, Ilé Méjìlá

Ẹni tó bá pè mí láti ya àwòrán ilé fún òun ní Òmù-Àrán, ohun mẹ́ta ló máa ń kà sílẹ̀ kó tó dórí yàrá: fẹ́ǹsì, géètì, kànga. Kò tíì ronú ibi tí yóò sùn, ó ti ronú ohun tí yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aládùúgbò. N kò bá wọn wí. Ìlú ń fẹ̀. Láti ọdún 2011 tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn tí a kò mọ agbo ilé wọn ń pọ̀ sí i: olùkọ́, awakọ̀, oníṣòwò, akọ̀wé. Àwọn ọmọ ìlú tó fẹ̀yìn tì ní Ìlọrin, Èkó àti Kàdúná náà ń padà bọ̀ wálé. Oko iṣu ti di pulọ́ọ̀tì. Ẹni tí kò mọ ẹni tó múlé tì í yóò fẹ́ ògiri gíga. Ó yé mi.

Bí àwọn ènìyàn bá sì ń sọ̀rọ̀ ilé olówó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ ògiri ni wọ́n máa ń sọ: kí la lè fi mọ ọ́n tí kò ní wọ́n tó búlọ́ọ̀kù? Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ló fi yé mi pé ògiri kọ́ ló ń jẹ owó jù. Ohun tí olúkúlùkù fẹ́ dá ní ló ń jẹ ẹ́.

Méjìlá ni wọ́n. Tíṣà wà nínú wọn, káfíńtà kan wà, àwọn ìyá tó ń dín gààrí wà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè náà wà. Wọ́n da owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú lọ́wọ́ ìdílé kan, wọ́n wá ní kí n pín in, kí n sì ya àwòrán tí agbára wọn yóò ká. Gbogbo wọn ló fẹ́ kànga tiwọn.

Mo tọrọ okùn lọ́wọ́ káfíńtà wọn. Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn ni, nǹkan bíi mítà 15 sí 30. Ohun tí wọ́n sì kọ́ wa ni pé kí kànga jìnnà tó mítà 30 sí ṣáláńgá tàbí sọ́ọ̀kẹ́wè, kí ìdọ̀tí má baà jò wọ inú omi mímu. A wọn okùn náà ní mítà 30. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá, Ìyá Bọ́lá, dúró síbi tó fẹ́ gbẹ́ kànga rẹ̀ sí, kó di orí okùn mú, kí ọmọ rẹ̀ di ìkejì mú, kó máa sáré yípo. Ọmọ náà sáré gba orí ilẹ̀ tíṣà kọjá, ó gba ti káfíńtà, ó gba ti bàbá rélùwéè, okùn ń wọ́ èèkàn ilé onílé ṣubú bó ti ń lọ. Kò ku ẹnì kan nítòsí tí sọ́ọ̀kẹ́wè rẹ̀ kò sí nínú agbo náà. Káfíńtà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyẹn ni pé ìgbẹ́ mi ni Ìyá Bọ́lá yóò máa mu?” Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun ló parí ìjà. A gbẹ́ kànga kan ṣoṣo sí apá òkè ilẹ̀, a kó gbogbo sọ́ọ̀kẹ́wè sí apá ìsàlẹ̀. Owó kànga mọ́kànlá padà sápò àwọn tó ni ín lọ́jọ́ yẹn.

Omi òjò la fi kún un. Bí òjò bá fi mílímítà kan ṣoṣo rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá lọ́nà méjèèjì, lítà 100 omi nìyẹn. Òjò alágbára kan tó bá tó mílímítà 30 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún táńkì onílítà 3,000. Gọ́tà páànù kò wọ́n tó kànga. Ọwọ́ òjò àkọ́kọ́ nìkan ni kí a jẹ́ kó ṣàn dànù, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló máa ń kó bọ̀.

Ògiri gan-an ńkọ́? A fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lórí rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé erùpẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, bí a bá po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá márùn-ún sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó ki, yóò di búlọ́ọ̀kù tó lè gbé ilé ilẹ̀ ró. Bàbá rélùwéè ṣí fìlà lórí.

“Ìwọ ọmọ yìí, inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, kí n má baà kú sínú rẹ̀ ni mo fi ṣe é.”

Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Ilé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni èmi tí mò ń wàásù erùpẹ̀ ń gbé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Amọ̀ kì í ṣe ohun èlò ilé lásán fún ẹni tí ìṣẹ́ rẹ̀ ti bá fínra. Àmì ibi tó ti ń bọ̀ ni. Láti ọdún 1945 ni Hassan Fathy, ará Íjíbítì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíríkì amọ̀ kọ́ odidi abúlé kan sí Gourna lẹ́bàá Luxor. Ó rẹwà, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé kárí ayé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún ló kọ̀ tí wọn kò kó lọ síbẹ̀. N kò jiyàn pẹ̀lú Bàbá mọ́.

Mo bu erùpẹ̀ ilẹ̀ náà sínú ìgò, mo da omi sí i, mo mì í, mo gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ti lọ sísàlẹ̀, èyí tó kúnná lé e lórí, amọ̀ gan-an wá dá ìlà tín-ín-rín sókè. Mo ní, “Bàbá, ẹ wò ó. Yanrìn ló pọ̀ jù nínú tibí. Èyí tí amọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa ń sán tí oòrùn bá pa á.” A tẹ búlọ́ọ̀kù díẹ̀, a fi ọ̀rá bò wọ́n, à ń wọ́n omi sí wọn kí wọ́n má gbẹ kíákíá, lẹ́yìn náà a kó wọn síta fún òjò. Bàbá gbé ọ̀kan lọ sílé, ó rì í sínú báàkẹ́tì omi, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí nípàdé: ó ní nǹkan náà ti wà nínú báàkẹ́tì ìwẹ̀ òun láti ìjẹta, kò sì yọ́.

Mo wá lè sọ ìtàn fún wọn nígbà náà. Mo sọ ti Demas Nwoko, ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà ní Venice lọ́dún 2023 fún iṣẹ́ ayé rẹ̀, tó ti pẹ́ gan-an tó ti ń fi erùpẹ̀ pupa àti sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù tó pè ní Latcrete, tó sì fi ń kọ́lé ní Ìbàdàn. Mo sọ ti Francis Kéré tó kọ́ ilé ìwé sí Gando, abúlé tí wọ́n bí i sí ní Burkina Faso, tó parí rẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn ará abúlé náà kò gbà pé amọ̀ lè dúró de òjò. Lọ́dún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ ilé yíyà. Ọgbọ́n rẹ̀ tí a yá ni ti òrùlé: páànù yọ síta gan-an kí òjò má baà na ògiri, a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín páànù àti àjà kí ooru rí ibi gbà jáde. Ju ìdajì àwọn méjìlá náà lọ ló gba búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀. Bàbá rélùwéè fi sìmẹ́ǹtì kọ́ yàrá tirẹ̀, ó fi erùpẹ̀ kọ́ ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó bá a jà.

Ohun kan wà tí a ti mọ̀ ọ́n ṣe kí àwọn òyìnbó tó fún un lẹ́bùn. Ní Iquique, ní orílẹ̀-èdè Chile, ayàwòrán ilé Alejandro Aravena kọ́ ìdajì ilé fún àwọn aláìní lọ́dún 2004, ó fi àyè ìdajì kejì sílẹ̀ fún wọn láti fi ọwọ́ ara wọn parí. Ta ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Ìgbómìnà? Kọ́ yàrá kan, kó wọ inú rẹ̀, fi ìkejì kún un. Wàhálà tiwa ni pé ìpìlẹ̀ yàrá márùn-ún la máa ń dà lẹ́ẹ̀kan náà, owó á tán, koríko á hù. Ẹ wo ọ̀nà láti Àjàsẹ́-Ìpo wá sí Òmù-Àrán, ẹ ó rí i. Mo ya ilé wọn kó lè dúró ní yàrá méjì pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ ní pípé, kó sì lè gùn sí i láìṣí páànù. A fi ojú ilẹ̀kùn sílẹ̀ lára ògiri ìparí, a gbé líńtẹ̀lì lé e, a wá fi búlọ́ọ̀kù dí i láìfi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí owó bá dé, ọwọ́ lásán ni wọn yóò fi yọ ọ́.

Gbogbo ìyẹn rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín.

Mo ti fi àyè gbàngbà sílẹ̀ láàárín àwọn ilé náà, bíi ti agbo ilé àtijọ́, kí atẹ́gùn lè fẹ́, kí ọmọdé lè ṣeré. Igi díẹ̀, àga díẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdílé tó ta ilẹ̀ fi rán ènìyàn wá: wọ́n ní ibi tí a kò kọ́ nǹkan kan sí, a kò tíì gbà á nìyẹn, àwọn sì ti rí ẹni tí yóò rà á. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìdílé la ṣì ti ń rà á, ojú ìdílé ni a sì ń bá yí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ fara mọ́ wọn. Bàbá rélùwéè ní ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á. Kí a tà á, kí a pín owó rẹ̀.

Ìlú Èsìẹ́ ni mo rántí. Àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Inú igbó ni wọ́n wà kí wọ́n tó kọ́ musíọ̀mù sídìí wọn lọ́dún 1945, èyí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò fi igbó yẹn dá oko, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fẹ́ǹsì níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní àwọn tí ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn wọn, ó ní ọdún tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ àárín tiwa, kí ló ń ṣe? Àwòrán mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìyá ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé ààrò gààrí wọn kúrò lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi páànù ṣe àtíbàbà sí àárín, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń sá láfún síbẹ̀. Èéfín ààrò kò jẹ́ kí igi òdòdó mi hù; ó dùn mí díẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ tún dé, wọ́n bá ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n pè ní òfìfo, ọ̀rọ̀ náà sì di ọ̀rọ̀ owó ọtí àti ìwé àdéhùn tuntun, tí a kọ ilẹ̀ àárín sínú rẹ̀ pẹ̀lú wíwọ̀n rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kànga, alága ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú un lọ sí Ìlọrin. Ọwọ́ Ìyá Bọ́lá ló wà báyìí, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í sí nídìí ààrò. Òun ló ń gba owó omi lọ́wọ́ àwọn ará ìta, òun ló ń ra okùn tuntun.

Ìjọba Ṣàgàrí ṣètò ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri ìpínlẹ̀ láàárín 1979 sí 1983. Mo ti wọ inú díẹ̀ nínú wọn. Ògiri wọn kò burú. N kò rí ibi tí ìyá kan lè gbé ààrò sí.

Ẹgbẹ́ mìíràn ti ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi béèrè ẹni tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n yan ìyá kan tó ń ta ìrẹsì. Wọ́n ti san owó ẹni tí yóò gbẹ́ kànga. Owó àwòrán tèmi, wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá kó iṣu.