Abdias do Nascimento àti Èdè Ìkálẹ̀ Lórí Ìtàgé

Ní ọdún 1941, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan láti orílẹ̀-èdè Brazil jókòó sínú gbọ̀ngàn eré Teatro Municipal ní ìlú Lima, ní Peru, ó ń wo eré The Emperor Jones tí Eugene O'Neill kọ. Ènìyàn dúdú ni ẹ̀dá-ìtàn tí eré náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n òyìnbó tí ó kun ojú rẹ̀ ní dúdú ni ó ń ṣe é. Abdias do Nascimento ni orúkọ ọkùnrin tí ó ń wòran náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ronú padà sí ilé, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Brazil, níbi tí ọmọ Áfíríkà pọ̀ lọ súà: bí eré bá nílò ẹni dúdú tí ọ̀rọ̀ gidi wà lẹ́nu rẹ̀, òyìnbó ni wọn yóò kùn ní èédú. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹwàá ọdún 1944, ó dá ẹgbẹ́ Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio de Janeiro.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, ìtòsí Òkìtìpupa ni wọ́n bí mi sí, eré orí ìtàgé ni mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Mo ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí nítorí pé ó bá mi níbi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀.

Àwọn wo ni Abdias kó jọ? Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tí kò ní iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kà. Nítorí náà kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí eré tó dé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó forúkọ sílẹ̀. O'Neill yọ̀ǹda eré rẹ̀ fún wọn láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní Teatro Municipal ti Rio ní ọjọ́ 8 Oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ọjọ́ gan-an tí ogun Hitler parí ní Yúróòpù. Aguinaldo Camargo ni ó ṣe ọba inú eré náà. Kò sí ẹni tí ó kun ojú.

Ṣùgbọ́n eré ẹlòmíràn ni èyí. Ní ọdún 1951 Abdias kọ tirẹ̀, Sortilégio. Emanuel, lọ́yà aláwọ̀ dúdú tí ó gbé òyìnbó ní ìyàwó, pa ìyàwó náà, ó sì sá gun òkè kan níbi tí àwọn ọmọ òrìṣà ti ń ṣètùtù fún Èṣù ní òru. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń bọ́ aṣọ àti ìwà àyálò sílẹ̀, títí tí ó fi fi ara rẹ̀ fún ikú níwájú òrìṣà tí ó ti ń fi ṣẹlẹ́yà tẹ́lẹ̀. Àwọn aṣèwádìí eré ìjọba fi òfin dè é, ọdún 1957 ni ó tó rí ìtàgé. Lójú tèmi, eré náà ní àbùkù: àwọn obìnrin méjèèjì tí ó wà nínú ayé Emanuel, aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó, dà bí àmì ju ènìyàn lọ, wọn kò sì rí àyè sọ ti inú wọn tó. Síbẹ̀, ẹ wo ìgboyà ẹni tí ó gbé Èṣù sí àárín ìtàgé ní ilẹ̀ tí ọlọ́pàá ti ń kó ìlù àti ohun èlò òrìṣà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Bahia, ọdún 1976 ni ìjọba tó dáwọ́ òfin dúró pé kí àwọn ilé òrìṣà máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ọdún 1976 yẹn kan náà ni Abdias dé Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ológun ń ṣèjọba ní Brazil, ó sì ti wà ní ìgbèkùn láti ọdún 1968. Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, gbà á ní olùkọ́ àlejò ní Ẹ̀ka Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó ti fi Ògún àti Ọ̀ṣun ya àwòrán, ó ti fi Èṣù kọ eré, kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Nígbà tó yá ó tún Sortilégio kọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1979, ó sì fi orúkọ Zumbi, olórí àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira ní Palmares, sí àkọlé rẹ̀.

Ohun tí a ṣe fún un ní Èkó kò sì dára. Nígbà àjọ̀dún FESTAC ní Oṣù Kìíní ọdún 1977, ó fẹ́ ka ìwé kan ní àpérò, tí ó fi hàn pé irọ́ ni ohun tí ìjọba Brazil ń wí, pé kò sí ẹ̀tanú àwọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn aṣojú Brazil takò ó, wọ́n sì kọ ìwé náà. Àlejò tí ó jókòó wòran ni wọ́n fi ṣe. Ó pín in fún àwọn ènìyàn fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sketch ní Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún náà. A pe gbogbo ọmọ Áfíríkà wá jó, ẹni tí ó wá sọ̀rọ̀ ni a ní kó panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi rántí ilé. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fún mi ní ipa bàbá àgbà nínú eré kan. Mo sọ ọ́ bí bàbá mi àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti gh wa tí Yorùbá ìwé ti sọ di w. Olùkọ́ fi pẹ́ńsùlù pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní èdè oko ni, àwọn ènìyàn yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ì bá rẹ́rìn-ín lóòótọ́, nítorí pé ibi ẹ̀rín nìkan ni a máa ń fi Ìkálẹ̀ sí nínú eré: ẹnu ọ̀mùtí, ẹnu ará oko tí ó ṣìnà wọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ Comfort Omoge ń fi Ìkálẹ̀ kọ orin àsìkò, wọ́n ń ná owó fún un, kò sì sí ẹni tí ó ní kó tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Orin gbà á. Ìtàgé ni kò gbà á.

Abdias kò gbọ́ Yorùbá dàgbà. Wọ́n ti já a gbà kúrò lẹ́nu àwọn bàbá ńlá rẹ̀, ó sì ṣa èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú orin àti orúkọ òrìṣà. Tiwa wà lódidi ní ọjà Òkìtìpupa láàárọ̀ yìí, lẹ́nu àwọn tí ń ta púpúrú. Àwa fúnra wa ni a gbé pẹ́ńsùlù dání.

Ní báyìí, eré tí mo ń múra sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ dá lórí opó kan tí ẹbí ọkọ fẹ́ gba oko ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá ìwé ni mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí àwọn ará Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn lè gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe opó náà mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ìròyìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ní kó sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe sọ ọ́. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tán tí ó fi ká gèlè, tí ó nawọ́ sí ẹni tí ń ṣe àbúrò ọkọ. Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn ní tòótọ́.

Bàbá ọ̀kan nínú wọn ti wá bá mi. Ó ní ìdánwò WAEC ni ọmọ òun fẹ́ ṣe, kí n má bà á ní ẹnu jẹ́. Mo yé e sí, mo ṣàlàyé, ó gbà fún ìgbà díẹ̀. A ti fi ẹnu kò báyìí pé ní ìran kóòtù, adájọ́ yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ yóò sọ Yorùbá ìwé, opó yóò sì máa sọ Ìkálẹ̀ títí eré yóò fi parí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù gan-an. Gbogbo ibi tí ògbufọ̀ bá ti dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù, àwọn òǹwòran Òkìtìpupa yóò gbọ́ ohun tí ó sọnù. Ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ náà ni a ṣì ń wá.