Aláìsàn Àdíbọ́n

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ aláìsàn àdíbọ́n ni pé kí ènìyàn má rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń fi nǹkan kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tó wà ní ipele kẹta mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́, ó ní kí n dijú, kí n máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbàkigbà tí mo bá mọ̀ ọ́n lára. Mo mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún mi sọ pé obìnrin ẹni ọdún 61 ni mí, pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fínra láti ọdún 9 sẹ́yìn, àti pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Mo dákẹ́. Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀rín má tú mi fó.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà wà ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí yóò ṣe bí aláìsàn nígbà ìdánrawò wọn. Ó ní, "Ṣebí Yorùbá lẹ̀ ń kà ní ẹ̀ka yín?" Gbogbo wa tí a wà ní ẹ̀ka yìí la mọ ìbéèrè yẹn. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé pé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yàtọ̀ sí kíka èdè Yorùbá. Lọ́jọ́ yẹn mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ mi ni meat pie kan àti mínírà ìgò kan.

Àdíbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì lẹ́nu wa. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ pé àdíbọ́n ló ń ṣe, iṣẹ́ ilé lọmọ náà ń sá fún nìyẹn. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń fi àdíbọ́n kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1759, ọba ilẹ̀ Faransé fún agbẹ̀bí kan tó ń jẹ́ du Coudray ní ìwé àṣẹ pé kó máa lọ káàkiri ìgbèríko láti kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ère tí wọ́n fi aṣọ àti awọ rán, tí wọ́n ki nǹkan sínú rẹ̀, ni ó fi ń kọ́ wọn. Ní ọdún 1960, ará Norway kan tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, Asmund Lærdal, gbé ọmọláńgidi tó tó ènìyàn jáde, èyí tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ ènìyàn dòní bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹni tí kò mí mọ́. Ẹni tí mo wá fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni Howard Barrows, dókítà kan ní Los Angeles, tó kọ́ obìnrin kan ní ọdún 1963 láti díbọ́n bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ, tí ojú rẹ̀ kan kò ríran. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo ka ìtàn obìnrin yẹn, mo ní, àṣé mo ní ẹ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí.

Inú yàrá tí a ti ṣe ìdánrawò yẹn náà ni wọ́n ti gbé awò virtual reality wọ̀ mí lójú. Ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́ rí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi igbá kékeré bo ojú ènìyàn, tí ayé mìíràn sì wà nínú igbá náà. Mo rí ara mi ní wọ́ọ̀dù kan tó mọ́ ju wọ́ọ̀dù èyíkéyìí tí mo ti wọ̀ rí. Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà, orókún mi sì gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Bàbá kò dáhùn. Ìbéèrè mẹ́rin ló yọ sínú afẹ́fẹ́ níwájú mi, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé kí n tọ́ka sí èyí tí mo bá fẹ́ bi í. Mo tọ́ka sí ọ̀kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bàbá sọ fún mi pé 7 nínú 10 ni ìrora òun. N kò tíì rí bàbá Yorùbá kan tó fún ìrora ní máàkì.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rọ náà ni mò ń bú. Àwọn olùwádìí ti fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní irú rẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ní Nàìjíríà níbí àti ní Kẹ́ńyà, kí wọ́n fi máa dánra wò lórí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó bá a mu jù. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní èdè. Kò ní sọ fún nọ́ọ̀sì pé "a dúpẹ́" nígbà tí kò sí ọpẹ́ kankan níbẹ̀. Ènìyàn sì lè kùnà lójú awò nígbà ogún láìsí ìyá tó ń sunkún.

Tèmi ni ìwé tí wọ́n fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni kí n sọ ọ́ di Yorùbá. Àwọn tí a jọ ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìtumọ̀ á rántí bí a ṣe tò ó sójú pátákó: orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, ojú ń ta mí, egungun ń ro mí, ara ń yún mi, òòyì ń kọ́ mi, èébì ń gbé mi. Ẹ̀yà ara tàbí àìsàn náà ni olùwà, ẹni tí ń jìyà ni àbọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan sì mọ ibi tó ń jà sí: orí kì í run ènìyàn, inú kì í fọ́ ọ. Èdè tó pín ìrora sí wẹ́wẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́ ti dànù.

Mo jókòó ti gbólóhùn kan nínú ìwé náà fún bíi wákàtí kan, èyí tó sọ pé ẹsẹ̀ aláìsàn kò mọ nǹkan lára mọ́. Kì í ṣe pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n jù.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí ìyá àgbà mi wá sọ́dọ̀ wa láti abúlé nítorí ẹsẹ̀. Màmá mi wà níbi iṣẹ́, èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà tó dá wa lóhùn kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ní kí n máa túmọ̀. Inú mi dùn. Gẹ̀ẹ́sì mi já gaara, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ìyá àgbà ní, "Ẹsẹ̀ mi ti kú. Ó dà bíi pé mò ń rìn lórí òwú. Bó bá di alẹ́, á máa ta mí bí ata." Ọ̀rọ̀ náà gùn. Mo sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ó kọ oògùn ìrora fún wa, ó kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a sì lọ sílé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ ìṣó lóko. Wọn kò mọ̀. Wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ títí ó fi ń rùn. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ni, ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n sì gé. Bóyá dókítà náà ì bá ti yẹ ṣúgà wọn wò ká ní mo sọ ohun tí wọ́n sọ gan-an. Bóyá kò ní ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n bá mi wí sí. Gbólóhùn kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì mú un lọ́wọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni mo kọ sínú ìwé aláìsàn àdíbọ́n: ẹsẹ̀ mi ti kú, òwú, ata. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wọlé tọ̀ mí wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ kí mi dáadáa, ó ní, "Màmá, ṣé ara le?" Mo ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara mi le. Ọmọ Ìbàdàn ni o! Ó mọ̀ bí èmi náà ti mọ̀ pé ìkíni nìyẹn, pé ẹni tó ń kú lọ pàápàá á kọ́kọ́ dúpẹ́. Àmọ́ aṣọ funfun ti wà lọ́rùn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń ronú nínú aṣọ yẹn. Ẹnì kejì gbọ́ "kú", ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé n kò ní kú. Ẹnì kẹta kọ ìrora ẹsẹ̀, ohun tí mo kọ lọ́dún náà lọ́hùn-ún.

Ẹnì kẹrin ló ní okùn ọ̀rá lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ti òwú, ó dá bírò dúró. Ó ní, "Ẹ ṣàlàyé òwú yẹn fún mi, mà." Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín." Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, ó la ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo àárín wọn, ó bi mí bóyá mo máa ń rìn láìwọ bàtà nílé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dijú, òun náà sì ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àmọ́ bó ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan, tí mi ò sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rín náà lọ. Ọ̀nà ọ̀fun mi dí. Nígbà tí mo lajú, omi wà lójú mi.

Nígbà tí a jókòó yí ká láti sọ ohun tí a rí, olùkọ́ wọn yìn mí pé mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ní mo ti fi kún un, pé kò sí ẹkún nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Mo tọrọ àforíjì.

Mo pe ìyá àgbà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbí orí ń dà ọ́ rú ni? Ìwọ tó jẹ́ ọmọdé." Wọ́n bi mí iye tí wọ́n san fún mi, mo sọ ti meat pie, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní kí n tún ohun tí mo kọ sílẹ̀ kà sétí àwọn. Mo kà á.

Wọ́n ní, "N kò sọ òwú. Níbo lo ti rí òwú? Mo ní ó dà bíi pé mo ṣì wọ bàtà lẹ́yìn tí mo ti bọ́ ọ."

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìdánrawò kejì. Mo ti yọ òwú kúrò nínú ìwé mi, mo ti kọ bàtà síbẹ̀.