Mo Gbé Òkun Lọ sí Òkè Padre

Ẹni tó bá ti wọ máíkírà láti Ìwó Róòdù dé Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé ẹrù ẹlẹgẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sí búùtù. Orí itan ni mo gbé tèmi lé. Obìnrin tí wọ́n há mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bi mí pé kí ló wà nínú báàgì tí mo dì mú pinpin bẹ́ẹ̀. Mo ní awò ni. Ó wo báàgì, ó wò mí, ó ní, "Awò rèé? Ojú mélòó lẹ ní, bọ̀dá?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Awò VR ni, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí tó ń bo ojú pátápátá. Tó o bá ti dé e, o ò ní rí yàrá tó o wà mọ́, ayé mìíràn lo máa bá ara rẹ. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá wa tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Òkè Padre. Làkúrègbé ti mú wọn ní orúnkún méjèèjì, tó bá sì di òru, àyà wọn á máa já, oorun á sá lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, gbọ̀ngàn Mápó wà lókè lọ́ọ̀ọ́kán tòun ti òpó gìrìwò rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Òkè Padre, ó já mi sílẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Màríà Mímọ́ tí í ṣe kàtídírà àwọn Kátólíìkì. Kí n tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, òórùn ìpara Aboniki ti wá pàdé mi. Wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpótí.

"Àkànní ọkọ mi! O ò ṣe jẹ́ kí n mọ̀ kí n ti ro oúnjẹ?"

Wahálà kan ṣoṣo tí a ní ni gèlè. Màmá ní àwọn ò ní tú u níta, ló bá di pé a wọlé. Mo so awò mọ́ wọn lórí, mo tan òkun sí i. Fún ìgbà díẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Lójijì ni wọ́n ké "Yéè, omi!", wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ kí ó má baà tutù. Orúnkún tí wọ́n ní kò ṣeé ká ni mo ń wí yìí o. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fẹ́ mú ẹja. Àwọn ọmọ ilé ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ Màmá ò gbọ́ tiwọn.

Nígbà tí a bọ́ ọ, mo bi wọ́n pé orúnkún ńkọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. "Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ ni."

Bàbá tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú bèèrè bóyá idán ni. Mo ní rárá. Ní 1996, ní Seattle ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Hunter Hoffman àti David Patterson, bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú awò yìí fún àwọn tí iná jó. Ẹni tí wọ́n bá ti fọ ojú egbò iná fún rí mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ara. Wọ́n ṣe ayé kan tí wọ́n pè ní SnowWorld: bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fọ egbò, aláìsàn á máa ju ìṣù yìnyín lu àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Ní 2004, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí wọ́n fi nǹkan gbígbóná dán wò, wọ́n sì rí i pé ibi tó ń ṣiṣẹ́ ìrora dẹwọ́ nígbà tí wọ́n wà nínú awò. Ìrora ń fẹ́ kí á kíyè sí òun. Ọpọlọ tó wà nínú yìnyín kò ráyè tó bẹ́ẹ̀.

Egbò iná nìyẹn. Ìrora tó ti bá èèyàn gbé fún ọdún ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2021, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò awò VR kan tó ń jẹ́ EaseVRx fún ẹ̀yìn dídùn tí kò lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń lò ó, àwọn 179 ló sì kópa nínú ìwádìí rẹ̀. Nínú 100 àwọn tó lò ó, bíi 66 ló sọ pé ìrora àwọn dín ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Lára àwọn tí wọ́n fún ní awò tí kò ní ju fíìmù igbó àti odò lásán, bíi 41 nínú 100 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tíṣà mú un lójú ẹsẹ̀: "Ìyẹn ni pé ìsinmi lásán náà ní ìpín tirẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n EaseVRx ń kọ́ni bí a ṣe ń mí àti bí a ṣe ń bá ìrora gbé. Ẹja nìkan ló wà nínú ti Màmá, n kò sì ní pè é ní ìtọ́jú.

Bátìrì rẹ̀ kì í ju bíi wákàtí méjì lọ, iná kò sì sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìrora ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láàárọ̀, èmi àti Màmá gba Yemẹtu lọ sí UCH. Ilé ìwòsàn yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtọ́jú ìrora. Dókítà tó rí Màmá ní kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n má sì fi eré ìdárayá ẹsẹ̀ jáfara. Ní ti awò, ó ní kò burú, bí wọ́n bá ti jókòó, tí òòyì kò kọ́ wọn, tí wọn ò sì ní wárápá.

Tí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, n kò ní kọ́kọ́ gbé e fún àwọn àgbà bíi Màmá. Àwọn ọmọdé tí omi gbígbóná bó ni kí a kọ́kọ́ rò, àwọn tó ń ké ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá ń fọ egbò wọn. Ní Èkó, láti 2016 ni Judith Okonkwo ti dá Imisi 3D sílẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ VR, nítorí náà kò yẹ kí a sọ pé a ò lẹ́ni tó lè ṣe é. Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn wa, ẹ ra awò kan péré sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ náà, kí ẹ fi kún oògùn ìrora wọn, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.