Agogo Mi

Ọmọ ọdún 8 ni mí nígbà náà. Mo wà ní CE1 ní ìlú Kétu. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wa mú bàbá arúgbó kan wá sí kíláàsì. Onílù ni bàbá náà. Bàbá Onílù ni gbogbo wa ń pè é.

Bàbá tú ẹrù rẹ̀. Ó fi ohun èlò orin hàn wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyáàlù nìyí. Ẹ wo ṣaworo tó wà létí ojú rẹ̀. Bí mo bá fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn.

"Gúdúgúdú nìyí. Ọrùn la máa ń gbé e kọ́. Awọ líle méjì la fi ń lù ú.

"Igbá la fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ń dún!

"Irin ni agogo. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́."

Gbogbo wa na ọwọ́ sí ìlù. Bàbá ní: "Ó tì o! Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lù ú." Ó wá wí pé: "Kọ́n, kọ́n, kọ́lọ́, kọ́n, kọ́lọ́." A wí i tẹ̀ lé e. A fi àtẹ́wọ́ pa á. A fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìró méje ni. Ẹ kà á wò!

Lẹ́yìn náà ni Bàbá pín nǹkan fún wa. Ìyáàlù ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni ó gbà á. Agogo ni Bàbá fún mi.

Mo sunkún délé. Mo sọ fún ìyá mi pé: "Ìyá, ẹ wò ó, irin lásán ni wọ́n fún mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Lu irin lásán náà kí n gbọ́."

Ọjọ́ àríyá ìparí ọdún dé. Àwọn òbí kún ọgbà ilé ìwé wa. A bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù, ó sì dùn. Lójijì, mo rí ìyá mi láàárín èrò. Inú mi dùn, ọwọ́ mi sì yá jù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sáré tẹ̀ lé mi. Gúdúgúdú kò mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé. Ìyáàlù dákẹ́. Ìlù tú! Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí gan-an. Ó ṣe mí bíi kí n ju agogo sílẹ̀ kí n sá lọ.

Mo wo Bàbá Onílù. Kò bínú. Ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Mo mọ ohun tí ó ń wí. Mo di ojú mi. Èmi náà wí i: "Kọ́n, kọ́n, kọ́lọ́, kọ́n, kọ́lọ́." Mo lù ú jẹ́jẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ padà wá. Gúdúgúdú padà wá. Ìyáàlù sì tún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ dìde jó.

Nígbà tí a parí, Bàbá pè mí. Ó ní: "Nígbà tí agogo sáré, ṣé o rí i pé gbogbo wọn ṣubú? Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n agogo ni ilẹ̀ tí ó dúró lé."

Lónìí, èmi náà ti di olùkọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ olórin àwọn òyìnbó. Fáólìnì wà níbẹ̀, fèrè wà, ìlù sì wà. Ẹnì kan dúró níwájú wọn, ó ń fi ọ̀pá kékeré júwe fún wọn kí wọ́n lè jọ rìn. Mo rántí agogo mi.

Bí ọmọ kan bá gba agogo lọ́wọ́ mi tí ó fajú ro, mo máa ń sọ fún un pé: "Lu irin lásán náà kí n gbọ́."