Sìmẹ́ǹtì Kan, Yanrìn Méjì Méjì

Ní àdúgbò wa ní Pleasure, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin bíríkìlà kan ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwa. SS2 ló wà. Lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, nítorí pé ìṣirò kò yé òun. Iṣẹ́ aránṣọ kò burú. Ohun tó dun ìyá rẹ̀ ni pé ọmọ náà ti gbà pé òpè ni òun. Ó wá bá mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kò kọ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo rí i pé ojú kan náà ló ti ń kọsẹ̀. Bí ìbéèrè bá fún un ní réṣíò 1:2, tí ó sì ní kí 1 di 3, 4 ló máa ń kọ fún èkejì. Ó fi 2 kún ti àkọ́kọ́, ó sì fi 2 kún ti èkejì. Ìròpọ̀ ló ń ṣe níbi tí ó yẹ kí ó ti sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn olùkọ́ ìṣirò mọ àṣìṣe yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é.

Mo bi í bí bàbá rẹ̀ ṣe ń po kọnkéré. Kò ronú rárá.

"Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin ni, Àǹtí."

"Bí sìmẹ́ǹtì bá di páànù mẹ́ta ńkọ́?"

"Yanrìn mẹ́fà, òkúta méjìlá."

"Èé ṣe tí yanrìn kì í ṣe mẹ́rin?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò ní lágbára nìyẹn! Sìmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ló ni yanrìn méjì méjì tirẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo dì mú. Bí a bá ní kí a fún àwọn ọmọ ní ọsàn méjì, ọsàn méjì péré lè kárí gbogbo wọn. Bí a bá ní méjì méjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò gba méjì. Iṣẹ́ tí àpètúnpè òǹkà ń ṣe nínú gírámà wa nìyẹn, iṣẹ́ réṣíò sì ni. Ohun tí ọmọ náà ń bẹ̀rù nínú ìwé ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Ní Sátidé, a jáde sínú oòrùn nítorí àwọn onígun mẹ́ta tó jọra. A gbé igi mítà kan nàró; òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà 0.8. Òjìji òpó iná iwájú ilé jẹ́ mítà 6.8. Igi àti òpó dúró ṣánṣán, oòrùn kan náà ló sì ń ràn sí wọn, nítorí náà igun wọn dọ́gba. Ìrísí kan náà ni wọ́n ní, ìtóbi wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí ó fi 0.8 pín 6.8, ó rí 8.5. Ó gbójú sókè wo òpó náà: mítà 8.5 ni gíga rẹ̀, a kò sì gùn ún.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní oṣù Bélú 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwa ará ilé ni iṣẹ́ náà kù sí.

Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC yóò fi bi í, nítorí náà, bí ohun kan bá ti yé e ní Yorùbá, mo máa ń ní kí ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì di ọ̀gá nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́, kò sì pe ara rẹ̀ ní òpè mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àbúrò yín bá gbé ìwé ìṣirò wá, ẹ kọ́kọ́ bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú iṣẹ́ tí ó mọ̀ nílé, kí ẹ tó ṣí ìwé náà.