A kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, a lọ ń gbé létí odò ní Norfolk

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ nílùú òyìnbó, àwọn míì sì wà lọ́hùn-ún fúnra wọn tí wọ́n ń múra àtifẹ̀yìn tì. Gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá omi lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ òun kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí alángbá, á sá. Mo pa òfin yẹn mọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lórí odò Thames, n kì í wọ̀ ọ́. Àmọ́ lónìí tí mo ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, èmi yìí kan náà ni mo ń di okùn ìgbòkun mú lórí odò Bure. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ni bàbá àwọn ọmọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ̀ ọ́ lára, oorun rẹ̀ kò sì já geere mọ́. Dókítà ní kó dín wàhálà kù. Òun ló wá rántí ibì kan tí ìjọ wa ti kó wa lọ ṣe fàájì nígbà kan, níbi tí odò pọ̀ sí. Ó ní, “Ìyá wọn, jẹ́ ká lọ máa gbé níbẹ̀.” Mo ní, “Dádì, ta lẹ fẹ́ kó máa kí wa káàárọ̀ níbẹ̀?” Àwọn ọmọ náà bá mi dá sí i, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò gbọ́. Lọ́dún 2016, a ta ilé wa, a kẹ́rù, ó di abúlé kan lẹ́bàá odò Ant.

Norfolk Broads ni wọ́n ń pe agbègbè náà, apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street, bíi wákàtí méjì ni yóò fi dé Norwich. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí Wroxham, ìlú tí ọ̀pọ̀ ti máa ń háyà ọkọ̀ ojú omi. Odò Bure, Ant, Thurne, Yare àti Waveney ló yí ibẹ̀ ká, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lórí omi sì tó nǹkan bíi 200 kìlómítà. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ó kàn máa rí ìgbòkun funfun tó ń rìn láàárín pápá bí ẹni pé orí koríko ni ọkọ̀ náà ń gbà, nítorí pé koríko etí omi tó ga bí eèsún ti bo odò mọ́lẹ̀. Koríko yìí kan náà ni wọ́n fi ń bo òrùlé ilé àtijọ́ níbẹ̀, bí àwọn bàbá ńlá wa ṣe ń fi koríko bolé.

Àwọn adágún omi ńláńlá tó so mọ́ àwọn odò wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní Broads. Tẹ́lẹ̀, ohun táwọn èèyàn gbà ni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni Dókítà Joyce Lambert, obìnrin onímọ̀ nípa ewéko, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yé aráyé pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ibẹ̀. Láyé àtijọ́, igi ìdáná kò tó wọn, ni wọ́n bá ń gbẹ́ ilẹ̀ dúdú kan tó máa ń jó bí èédú tí wọ́n bá sá a gbẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi di kòtò ràgàjì. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1300 sókè, omi ti ń ya bò wọ́n, iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kòtò tí iṣẹ́ bàjẹ́ sí nígbà náà ni àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò lónìí.

Ẹ má rò pé ìgbádùn la bá níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Ọ̀gìnnìtìn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa padà. Ní oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní tíì lù kí ilẹ̀ tó ṣú. Bọ́ọ̀sì kò pọ̀. Ìjọ wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ wa di ohun tí a ń rin ìrìn-àjò nítorí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń mi orí sí wa, wọ́n á kọjá lọ. Mo sunkún, n kò jẹ́ kí Dádì rí mi. Òun náà yóò jókòó sẹ́bàá iná, yóò ní, “Ṣé ìsinmi náà rèé?”

Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí ni pé mo jáde. Mo ń lọ síbi tí àwọn àgbàlagbà abúlé ti ń mu tíì papọ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti sọ fún mi nípa Dókítà Allan Glaisyer Minns, ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n bí ní erékùṣù Bahamas, tó wá ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Thetford ní Norfolk yìí kan náà, tí wọ́n sì fi jẹ olórí ìlú náà lọ́dún 1904. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ara tù mí. A kọ́ la kọ́kọ́ dé.

Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò wa kan, bàbá òyìnbó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wá kan ilẹ̀kùn. Èmi àti Dádì ń pè é ní Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ó ń wá ẹni tó máa bá òun mú òpó ọkọ̀ òun sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé afárá àtijọ́ bíi ti Potter Heigham lọ sílẹ̀ gan-an, ọkọ̀ onígbòkun kò lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí òpó bá wà ní ìnàró. Dádì tẹ̀ lé e, èmi náà lọ dúró sétí odò. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ afárá tí kò sí atẹ́gùn, bàbá náà fa ọ̀pá gígùn kan yọ, ó kì í bọ omi, ó fi èjìká tì í, ọkọ̀ sì ń lọ. Ọkàn mi lọ tààrà sí Ẹ̀pẹ́. Bí àwọn apẹja wa ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ìgbòkun náà kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn máa ń rán àpò pọ̀ fi ṣe ìgbòkun, àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà Èkó náà sì ń lò ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni omi ti gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ onígbòkun kì í lọ tààrà síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ó ní láti máa yà sọ́tùn-ún kó tún yà sósì títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Kò sì sí ìkánjú níbẹ̀, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ onímọ́tò kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 3 sí 6 ní wákàtí kan lọ, bí ibi tó bá wà bá ṣe rí. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sá tẹ̀ lé aago wá ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ń sùn. Kì í ṣe pé ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì o, ó ń lò ó títí dòní, ṣùgbọ́n dókítà náà rí i pé nǹkan ti yí padà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ohun tí mò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn yí padà lójijì, igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú fì, ó gbá Dádì léjìká, ó sì já sómi. Etí odò ni mo wà, mo sì ń wò ó. Omi odò lásìkò yẹn tutù débi pé èémí èèyàn yóò kọ́kọ́ já, yóò máa mí gúlegúle. Bí omi bá ti tutù dé ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 15, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Bàbá Ọlọ́kọ̀ pariwo pé, “Má wẹ̀! Fi ẹ̀yìn lé omi!” Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn ọkọ mi gbé e sókè. Ó dẹ orí sẹ́yìn, ó na apá àti ẹsẹ̀, títí èémí rẹ̀ fi padà sípò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fà á sínú ọkọ̀. Mo bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo fún un ní tíì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó dùn. Mo dá ẹni tó fẹ́ fún un ní ọtí líle lẹ́kun, nítorí pé ọtí máa ń jẹ́ kí ooru ara tètè jáde.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí mo wò, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Nígbà tí a délé, mo ní, “Dádì, ó tó. Mo bẹ̀ yín.” Kò bá mi jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sójú fèrèsé, tó ń wo odò. Àìsùn rẹ̀ àtijọ́ padà dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bi í pé, “Ṣé ẹ̀rù kò bà yín nínú omi yẹn ni?” Ó ní, “Ó bà mí. Ṣùgbọ́n orí omi yẹn nìkan ni mo ti máa ń sinmi.”

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Òfin tí ìyá mi ṣe, ìfẹ́ ló fi ṣe é, àmọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa bí a ṣe ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ wa bí a ṣe ń yọ ẹni tó bá já sómi. Mo sọ fún Dádì pé bó bá máa padà sórí omi, èmi náà á kọ́ ọ, kí ẹni tó máa fà á yọ lè wà nítòsí. Ni mo bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìrìn-àjò mi àkọ́kọ́ bọ́ sí Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà. Lọ́dọọdún ní ọjọ́ yẹn, bíṣọ́ọ̀bù Norwich máa ń ṣe ìsìn ní gbangba ìta, níbi àwókù ilé àwọn àlùfáà àtijọ́ tó ń jẹ́ St Benet's Abbey, létí odò Bure. Ọkọ̀ ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní wherry ló máa ń gbé e wá. Irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń kó ẹrù kí rélùwéè àti mọ́tò tó gbàṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbòkun kan ṣoṣo, dúdú, ló sì ní. Ọ̀kan nínú wọn ni Albion tí wọ́n kàn lọ́dún 1898. Mo wé gèlè mi, mo wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lé aṣọ ìró mi lórí, mo di ọwọ́ Dádì mú, mo wọlé. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Nígbà tí ìgbòkun gba atẹ́gùn, ọkọ̀ náà fì díẹ̀, ó sì dákẹ́. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, omi nìkan ni mò ń gbọ́ lábẹ́ wa. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan. N kò tíì pè é sókè láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ń ronú àtikó lọ sí ìgbèríko lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ lọ wo ibẹ̀ nínú òtútù kí ẹ tó ta ilé yín. Gbogbo ibi ló máa ń rẹwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wádìí bí ẹ ó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ dókítà bí ẹ kò bá lè wa mọ́tò mọ́. Ìmọ̀ràn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú nípa lílo fítámì D ìwọ̀n 10 máíkírógírámù lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún, torí oòrùn ibẹ̀ kò tó wa. Ẹ tètè lọ bá àwọn ará àdúgbò, ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín.

Bó bá sì jẹ́ omi ló wù yín, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá le. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe fún ọmọdé nìkan. Kí ẹ tó kúrò lórí ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Ẹ bo egbò ara yín, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí ìtọ̀ eku inú odò ń fa àìsàn. Ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ má sì lọ síbi tí odò ti ń wọ òkun, bíi Great Yarmouth, láìsí ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa, torí omi ibẹ̀ le, ó sì ń fa ọkọ̀ lọ.

Àwọn ọmọ-ọmọ wa máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa báyìí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wọkọ̀, ìyá àgbà yóò ní kó dùbúlẹ̀ sórí koríko, kó dẹ orí sẹ́yìn, kó na apá àti ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá ṣe é dáadáa, kò ní wọ ọkọ̀ mi.